Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Ìbò Ìbejì

Ní orílẹ̀-èdè Írẹ́lándì, wọn kì í ka ìbò mọ́jú. Ó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì kí wọ́n tó já èdìdì àpótí, kí wọ́n sì da ìwé ìdìbò sórí tábìlì gbọọrọ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò ju pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jókòó ti tábìlì náà tú ìwé tí wọ́n ṣẹ́ po, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nà án, kí wọ́n sì kọjú rẹ̀ sókè. Wọn kì í kánjú. Lẹ́yìn ìdábùú tí wọ́n fi pààlà gbọ̀ngàn ni àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú nà wá síwájú, bébà lórí pákó pẹlẹbẹ ní ọwọ́ kan, pẹ́ńsù ní ọwọ́ kejì. Bí ìwé kọ̀ọ̀kan bá ti ń ṣí ni ojú wọn ń wá ibi tí nọ́ńbà 1 wà lórí rẹ̀. Wọ́n á fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ onítọ̀hún, ojú wọn á sì ti wà lára ìwé mìíràn. Kí òṣìṣẹ́ tó di ìdì kan ṣoṣo, àwọn afàlà wọ̀nyí ti lè sọ, láìṣìnà púpọ̀, ibi tí ìbò náà ń lọ.

Ìwé tí wọ́n ń tú yìí yàtọ̀ sí èyí tí a mọ̀ nílé. Kò sí ìtẹ̀ka lórí rẹ̀. Olùdìbò á kọ 1 sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ jù, á kọ 2 sí ti ẹni tó tẹ̀ lé e, 3 sí ti ẹni kẹta, ó sì lè dúró níbi tó bá wù ú. Bó bá kọ 1 nìkan, ìwé rẹ̀ dára. Bó bá kọ 1 lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á yọ ọ́ sọ nù. Bó bá kọ 1 àti 2, tó fo 3, tó wá kọ 4, ìwé náà á ṣiṣẹ́ dé 2, kò ní kọjá ibẹ̀. Ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀ lára, bó ti wù kí nọ́ńbà orí rẹ̀ gún tó, kò wọlé. Àwọn tí wọ́n bá ṣiyèméjì lé lórí, apá ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kó wọn sí. Alákòóso ìdìbò fúnra rẹ̀ á gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú àwọn aṣojú, á sì sọ pé èyí wọlé, èyí kò wọlé.

Kí wọ́n tó pín ìwé ìdìbò, wọ́n á ka iye tó jáde nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi wé iye tí alámòójútó ibùdó ìdìbò kọ sílẹ̀ lálẹ́ àná. Bí àkọsílẹ̀ bá ní 412, ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ 412. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á da ti gbogbo àpótí pọ̀ mọ́ra wọn. Ìdàpọ̀ yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe, á sì hàn láìpẹ́. Nígbà náà ni pípín á wá bẹ̀rẹ̀. Àpótí pákó kan wà tó ní ojú ihò ihò, orúkọ olùdíje kan lórí ihò kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ á mú ìwé, ojú rẹ̀ á bá nọ́ńbà 1, ọwọ́ rẹ̀ á ti í sínú ihò tó yẹ. Bí ihò bá kún, wọ́n á kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, ẹlòmíràn á tún un wò bóyá ìwé ẹnì kan kò ṣèèṣì bọ́ sáàárín ti ẹnì kejì, wọ́n á kà á, wọ́n á fi rọ́bà dì í ní ìdì ìdì, wọ́n á sì tò ó jọ kí gbogbo ènìyàn lè rí bí òkìtì kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó.

Títí dé ibí, iṣẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí kíka ìbò níbòmíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ wò ni ohun tí ọwọ́ ń ṣe nígbà tí kò sí ẹni tó kó ju ìdajì lọ. Wọ́n á lọ sídìí òkìtì tó kéré jù, wọ́n á yọ rọ́bà rẹ̀, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo nọ́ńbà 2.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1990, àwọn ará Írẹ́lándì dìbò yan ààrẹ. Ẹni mẹ́ta ló díje. Brian Lenihan ni ti Fianna Fáil, ẹgbẹ́ tó tóbi jù nílẹ̀ náà nígbà yẹn. Mary Robinson, agbẹjọ́rò, ni ẹgbẹ́ Labour fà kalẹ̀. Austin Currie ni ti Fine Gael. Nígbà tí wọ́n parí kíkà àkọ́kọ́, Lenihan ní 694,484, Robinson ní 612,265, Currie ní 267,902. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 1,574,651, nítorí náà ẹni tí yóò wọlé gbọ́dọ̀ ní 787,326. Kò sí ẹni tó ní i. Níbi tí wọ́n bá ti ń ka 1 nìkan, ó ti parí nìyẹn. Lenihan fi 82,219 ṣáájú, òun ni ààrẹ. Ìdí tó fi ṣáájú kò sì fara sin. Àwọn tó fẹ́ ẹlòmíràn pọ̀ ju àwọn tó fẹ́ ẹ lọ, àmọ́ òkìtì méjì ni wọ́n pín ara wọn sí, Robinson lápá kan, Currie lápá kejì.

Wọ́n yọ Currie. Ní agbègbè ìdìbò kọ̀ọ̀kan káàkiri ilẹ̀ náà, àwọn òṣìṣẹ́ tú rọ́bà lára ìdì rẹ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìwé ní ẹyọ ẹyọ. Ìwé àárọ̀ náà ni, òǹtẹ̀ àárọ̀ náà ni. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò kà sí lówùúrọ̀ ló wá ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ìwé 205,565 ní Robinson ní ipò kejì, wọ́n lọ sí òkìtì rẹ̀. Ìwé 36,789 ní Lenihan, àwọn náà lọ. Ìwé 25,548 kò ní orúkọ kankan lẹ́yìn ti Currie, wọ́n dì wọ́n sọ́tọ̀, ìrìn wọn dópin. Ẹni tó bá ní bírò lọ́wọ́ lè ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. 267,902 ni, géérégé, iye tí wọ́n gbé wá sídìí iṣẹ́ náà. Robinson di 817,830, Lenihan di 731,273. Báyìí ni obìnrin àkọ́kọ́ ṣe di ààrẹ Írẹ́lándì, lẹ́yìn tó ti wà ní ipò kejì ní kíkà àkọ́kọ́.

Ó wù mí láti máa wo 205,565 yẹn. Ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwé Currie. Ìyẹn ni pé àwọn tó fẹ́ Currie ti mọ̀, ní kọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà, pé òun àti Robinson súnmọ́ra. Ìbò wọn kò pa ara wọn, torí pé ẹnì kan wà tí yóò tú ìdì náà palẹ̀, tí yóò sì wo ohun tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà 1.

Ti ààrẹ ṣì rọrùn, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni ìdìbò sí Dáil, ilé aṣòfin wọn, tí agbègbè kan ti ń yan ẹni mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún pa pọ̀. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ kan lè fa ẹni méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀ sórí ìwé ìdìbò kan náà. Ìlérí kan náà ni wọ́n ń ṣe fáráàlú, nígbà mìíràn àdúgbò kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ jẹ́ ká pe méjì nínú irú wọn ní Táíwò àti Kẹ́hìndé, ká sì wo bí ọwọ́ ṣe ń ṣe wọ́n.

Ká ní ìwé tó dára jẹ́ 40,000, ipò mẹ́ta ló sì wà nílẹ̀. Wọ́n á fi mẹ́rin pín 40,000, wọ́n á fi ẹyọ kan lé e, ó di 10,001. Òdiwọ̀n nìyẹn. Ẹni mẹ́ta lè dé ibẹ̀, ẹni mẹ́rin kò lè dé ibẹ̀, ohun tí ẹyọ kan yẹn wà fún nìyẹn. Táíwò ní 12,001 ní kíkà àkọ́kọ́. Ó ti wọlé, ìbò 2,000 sì lé. Wọn kò fẹ́ kí 2,000 yẹn ṣòfò, torí àwọn tó ni ín ní ẹlòmíràn lọ́kàn lẹ́yìn Táíwò. Ṣùgbọ́n èwo nínú ìwé 12,001 ni 2,000 tó lé?

Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á tú palẹ̀. Wọ́n á tún pín 12,001 sínú ihò, nọ́ńbà 2 ni wọ́n ń wò lọ́tẹ̀ yìí. Ká ní 6,000 ní Kẹ́hìndé ní ipò kejì, 4,000 ní àwọn mìíràn, 2,001 kò sì ní ẹnikẹ́ni mọ́. 2,001 yẹn á dúró ti Táíwò. Ìwé tó lè rìn jẹ́ 10,000, èyí tó gbọ́dọ̀ rìn jẹ́ 2,000, ìdá kan nínú márùn-ún. Nítorí náà, 1,200 á kúrò nínú 6,000 ti Kẹ́hìndé, 800 á kúrò nínú 4,000. Ìwé gan-an ló sì ń gbéra. Òṣìṣẹ́ á ka 1,200 láti òkè ìdì wá sísàlẹ̀, èyí tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jáde, wọ́n á sì gbé e lọ sórí òkìtì Kẹ́hìndé. Ìgbà yìí ni ìdàpọ̀ òwúrọ̀ ń sanwó ara rẹ̀. Ká ní wọn kò da ìwé àpótí gbogbo pọ̀ ni, orí ìdì lè jẹ́ ti àdúgbò kan ṣoṣo, ẹni tí àdúgbò yẹn bá sì fẹ́ ní ipò kẹta àti ìkẹrin ni yóò máa darí ìyókù iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ tún wo 800 tó lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Lọ́dọ̀ Táíwò ni wọ́n wà, wọ́n sì ti jò kúrò nínú ẹgbẹ́. Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé bí ìbò bá ti ń ti ọ̀dọ̀ Táíwò lọ sọ́dọ̀ Kẹ́hìndé, díẹ̀ á máa bọ́ lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n ń wá bí àwọn méjèèjì yóò ṣe dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á pín agbègbè sí méjì, wọ́n á há ìwé ìléwọ́ fún àwọn ènìyàn. Apá ibí, ẹ kọ 1 fún Táíwò, 2 fún Kẹ́hìndé. Apá ọ̀hún, ẹ yí i padà. Bó bá bọ́ sí i, àwọn méjèèjì á wà ní nǹkan bíi 9,000, kò sí èyí tó ní ju bó ṣe yẹ lọ, kò sí èyí tó kéré débi tí wọ́n á tètè yọ ọ́, ìbò àwọn tí wọ́n ń yọ á sì máa gbé wọn sókè díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi dé òdiwọ̀n. Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ iye ìbò tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó dì í, bí wọ́n bá sì ṣì í kà, wọ́n lè gba ìbò lọ́wọ́ Táíwò nígbà tí òun gan-an nílò rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ọgbọ́n yìí, torí kò sí ohun tó gbára lé ju pé kí ènìyàn mọ bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ yóò ṣe rìn lórí tábìlì lọ́jọ́ kejì.

Àwọn tiwa náà ti gba ojú ihò wọ̀nyí kọjá. Rotimi Adébárí, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, fi irú ìbò bẹ́ẹ̀ wọ ìgbìmọ̀ ìlú Portlaoise, ní Írẹ́lándì, ní 2004, láìsí ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì di olórí ìlú náà ní 2007. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ kò ní ìbejì tí yóò fi ìbò ta á lọ́rẹ. Ibi tó ti ń rí nọ́ńbà 2 àti 3 ni ìdí òkìtì gbogbo àwọn tí wọ́n bá yọ.

Ìṣòro tí gbogbo aápọn yìí wà fún ti pẹ́ láyé. Ní 1770, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Charles de Borda, ọ̀gágun ojú omi tó tún jẹ́ onímọ̀ ìṣírò, gbé àpẹẹrẹ kan síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Paris. Olùdìbò 21, olùdíje mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ ní 8, èkejì ní 7, ẹ̀kẹta ní 6. Ẹni tó ní 8 wọlé. Ṣùgbọ́n àwọn 13 tó kù, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi í sí. Borda fi àwọn méjì tó pàdánù wé oníjàkadì méjì tó ti bára wọn wọ̀yá ìjà títí ó fi rẹ̀ wọ́n, tí ẹni kẹta tí kò tó wọn wá da àwọn méjèèjì. Oògùn tó mú wá ni máàkì. Ẹni ìsàlẹ̀ gba 1, ẹni àárín gba 2, ẹni òkè gba 3, ká ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí wọ́n rò ó, ẹni àkọ́kọ́ ní 37, èkejì ní 42, ẹ̀kẹta ní 47. Ẹni tó ní 6 péré ní òkè ìwé ló borí.

Ó dùn ún wò. Ẹ jẹ́ ká fi Táíwò àti Kẹ́hìndé dán an wò. Olùdìbò 100 ló wà, Àdùkẹ́ àti Táíwò nìkan ló sì kọ́kọ́ jáde. Ọgọ́ta ènìyàn fẹ́ Àdùkẹ́, ogójì fẹ́ Táíwò. Nípa máàkì, Àdùkẹ́ ní 160, Táíwò 140. Àdùkẹ́ wọlé, bó ṣe yẹ. Kẹ́hìndé wá jáde. Kò sí ẹni tó yí ọkàn padà. Ọgọ́ta náà kọ Àdùkẹ́, Táíwò, Kẹ́hìndé. Ogójì náà kọ Táíwò, Kẹ́hìndé, Àdùkẹ́. Ẹ rò ó. Àdùkẹ́ ní ọgọ́ta lọ́nà mẹ́ta àti ogójì lọ́nà kan, 220. Táíwò ní ọgọ́ta lọ́nà méjì àti ogójì lọ́nà mẹ́ta, 240. Kẹ́hìndé ní 140. Táíwò ti wọlé, ogójì ènìyàn sì ni gbogbo àwọn tó fẹ́ ẹ ju Àdùkẹ́ lọ. Níbi tí wọ́n ti ń ka 1 nìkan, ìbejì ń pa ara wọn. Níbi máàkì Borda, wọ́n ń gbé ara wọn ga. Ẹgbẹ́ tó bá mọ èyí kò ní fi ẹnì kan ránṣẹ́ nígbà tó lè fi mẹ́wàá ránṣẹ́.

Ẹni tó wá jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni tó ń tún aago ṣe ni Nicolaus Tideman, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà. Ó sọ ìtàn ara rẹ̀ síbẹ̀rẹ̀ ìwé tó kọ ní 1987. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí wọ́n fẹ́ yan akápò ní kíláàsì wọn. Wọ́n dárúkọ òun àti ọmọbìnrin kan. Ọmọdékùnrin náà ṣe ìṣirò kíá nínú ọkàn rẹ̀, ó nàwọ́ sókè, ó sì dárúkọ ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọmọbìnrin náà pé kó díje pẹ̀lú. Wọ́n dìbò. Òun ní 13, ọmọbìnrin àkọ́kọ́ ní 12, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní 11. Ó di akápò.

Ohun tí Tideman ṣe nígbà tó dàgbà ni pé ó kọ àsọyé tó le koko nípa ohun tó fi ọmọdé ṣe. Àwọn olùdíje kan jẹ́ ìbejì bí kò bá sí olùdìbò kankan, kódà ẹyọ kan, tó fi ẹlòmíràn sáàárín wọn lórí ìwé rẹ̀. Kò ní kí wọ́n jọra lójú, kò ní kí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ kan. Ìwé ìdìbò nìkan ni ẹlẹ́rìí. Ìdánwò rẹ̀ sì rèé. Mú ọ̀kan nínú ìbejì kúrò, kí o tún ìbò náà kà. Bí ẹni tó wà níta bá ti wọlé tẹ́lẹ̀, òun náà ni kó wọlé. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti wọlé tẹ́lẹ̀, kó ṣì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kíka 1 nìkan ṣubú nínú ìdánwò yìí. Borda ṣubú. Kíkà ti Írẹ́lándì, níbi tí ẹnì kan ti ń wọlé, yege, torí bí wọ́n bá yọ Kẹ́hìndé, Táíwò ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbá lórí gbogbo ìwé tí olùdìbò bá kọ dópin.

Ṣùgbọ́n ìbejì gidi ṣọ̀wọ́n nínú ìdìbò. Àwọn tó jọra ló pọ̀. Ìlú Burlington, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní Amẹ́ríkà, ti rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2009, wọ́n fi irú ìbò tí wọ́n fi ń yan ààrẹ Írẹ́lándì yan olórí ìlú. Lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ àwọn tó kéré, ó ku mẹ́ta. Kurt Wright ti Republican ní 3,294, Bob Kiss ti Progressive ní 2,981, Andy Montroll ti Democrat ní 2,554. Montroll ló kéré jù, wọ́n tú ìwé rẹ̀ palẹ̀. 1,332 lọ sọ́dọ̀ Kiss, 767 sọ́dọ̀ Wright, 455 dúró. Kiss fi 4,313 borí Wright tó ní 4,061. Iṣẹ́ náà mọ́, ìṣirò rẹ̀ pé.

Ìlú náà wá gbé àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé ìdìbò síta, àwọn tó fẹ́ràn irú iṣẹ́ yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́nà mìíràn. Wọ́n mú olùdíje ní méjì méjì, wọ́n bi ìwé kọ̀ọ̀kan léèrè pé, nínú àwọn méjì yìí, ta lo kọ ṣáájú? Láàárín Montroll àti Kiss, ìwé tó lé ní 4,000 fi Montroll ṣáájú, àwọn tó fi Kiss ṣáájú kò tó 3,500. Láàárín Montroll àti Wright, ìwé tó lé ní 4,500 fi Montroll ṣáájú, ti Wright kò tó 3,700. Ẹni tó lè borí ẹnikẹ́ni ní ìdojúkọ ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ nínú mẹ́ta. Àwọn tó kọ 1 fún Wright, púpọ̀ nínú wọn ló fi Montroll ṣáájú Kiss, ṣùgbọ́n Wright wà nínú méjì tó kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò tú ìdì rẹ̀. Nọ́ńbà 2 orí ìwé wọ̀nyẹn wà níbẹ̀, ó ṣe kedere, kò sì sí ìgbà kankan tó kan iṣẹ́ náà. Kiss àti Montroll jọra lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ 767 yẹn jẹ́rìí pé wọn kì í ṣe ìbejì. Wright wọ àárín wọn. Ní 2010, àwọn olùdìbò Burlington fagi lé ètò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún gbà á padà fún ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú ní 2021.

Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo nọ́ńbà orí ìwé sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ kà á ní méjì méjì báyìí. Ìdènà kan sì dúró dè é níbẹ̀. Ẹ fi Ìdòwú kún ìbejì wa, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú kọ Àdùkẹ́. Nínú 100, ọgọ́ta fi gbogbo ọmọ ìyá náà ṣáájú Àdùkẹ́, ogójì fi Àdùkẹ́ ṣáájú gbogbo wọn. Láàárín ara wọn, Táíwò borí Kẹ́hìndé pẹ̀lú 67, Kẹ́hìndé borí Ìdòwú pẹ̀lú 69, Ìdòwú sì borí Táíwò pẹ̀lú 64. Ó di òrùka, kò ní orí, kò ní ìdí. Bí a bá ní ká mú ẹni tí ìṣubú rẹ̀ tó burú jù kéré jù, Àdùkẹ́ ni, torí 60 péré ló fi dá a, nígbà tí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan ti fara gba 64 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹni tí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fi sí ìsàlẹ̀ á wá wọlé, nítorí ìjà inú ilé àwọn ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tí Tideman gbà tú òrùka yìí ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Kọ gbogbo ìdojúkọ sílẹ̀, kí o tò wọ́n láti orí èyí tó fẹjú jù. Mú èyí tó wà lókè, kí o kàn án mọ́lẹ̀: Kẹ́hìndé ṣáájú Ìdòwú, 69. Mú èyí tó tẹ̀ lé e: Táíwò ṣáájú Kẹ́hìndé, 67. Kàn án mọ́lẹ̀. Èyí tó kàn ni Ìdòwú ṣáájú Táíwò, 64. Dúró, wò ó. Bí o bá kàn án, òrùka á dì. Fi í sílẹ̀, kí o máa lọ. Ó wá kan mẹ́ta tó kù, gbogbo wọn ní 60: Táíwò ṣáájú Àdùkẹ́, Kẹ́hìndé ṣáájú Àdùkẹ́, Ìdòwú ṣáájú Àdùkẹ́. Kò sí èyí tó dí òrùka. Kàn wọ́n. Ẹni tí kò sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n kàn síwájú rẹ̀ ni Táíwò. Ìjà ọmọ ìyá ti parí sínú ilé, Àdùkẹ́ kò jèrè rẹ̀. Bí a bá sì tún fi ìlànà yìí ka ìbò tó gbé Táíwò wọlé lórí máàkì Borda, Àdùkẹ́ ló wọlé, yálà Kẹ́hìndé jáde tàbí kò jáde.

Ó ku ibì kan tó ṣí sílẹ̀. Bí ìdojúkọ méjì bá fẹjú bákan náà, tí kíkan ọ̀kan yóò sì dí ọ̀nà mọ́ èkejì, èwo ni ká kọ́kọ́ mú? Nínú ìwé 1987, ìbejì kan ṣì lè gba ibẹ̀ yọ́ wọlé, kó sì yí èsì padà. Ní 1989, Tideman àti Thomas Zavist padà sídìí rẹ̀. Àtúnṣe wọn kò gba agbára. Fa ìwé ìdìbò kan yọ nínú gbogbo ìwé láìwojú, kí o sì tẹ̀ lé bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe to àwọn olùdíje. Ibi tí òun bá ti pààlà ni kí o ti pààlà. Bí olùdìbò náà kò bá sì fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, fa ìwé mìíràn yọ.